Láti Ìjú dé Alábàtà: Bí Ẹ̀kọ́ Omi Ṣe Wọ Yunifásítì

Bí a bá dárúkọ Herbert Macaulay, òṣèlú ló máa ń kọ́kọ́ sọ síni lọ́kàn: irunmú funfun tó gùn já ẹ̀rẹ̀kẹ́, ìwé ìròyìn, ẹjọ́ ilẹ̀, àti ìjà ọlọ́jọ́ pípẹ́ pẹ̀lú ìjọba amúnisìn. Àmọ́ kó tó di olóṣèlú, ẹnjiníà ni. Ní 1890, ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ìjọba gbé e lọ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ìlú Plymouth ló sì ti kọ́ṣẹ́ lábẹ́ G. D. Bellamy, ọkùnrin tó jẹ́ awọnlẹ̀ àti ẹnjiníà omi fún ìlú náà. Ọmọ-ọmọ Bíṣọ́ọ̀bù Àjàyí Crowther, tí wọ́n bí ní Èkó ní 1864, ló lọ kọ́ṣẹ́ lọ́wọ́ ẹni tí omi odindi ìlú òyìnbó wà ní ìkáwọ́ rẹ̀.

Nígbà tó padà dé ní 1893, wọ́n fi í ṣe awọnlẹ̀ fún ilẹ̀ ìjọba. Ó fi iṣẹ́ náà sílẹ̀ ní 1898. Ọdún mẹ́wàá lẹ́yìn náà ni ọ̀rọ̀ omi tún gbé e dìde, lọ́tẹ̀ yìí gẹ́gẹ́ bí alátakò.

Èkó nígbà náà, omi ló yí i ká, omi mímu ló sì ń wá. Kànga ni ọ̀pọ̀ ilé gbójú lé, omi kànga mìíràn sì níyọ̀ lẹ́nu nítorí ọ̀sà tó sún mọ́ ọn. Ní 1908, Gómìnà Walter Egerton gbé ètò kan kalẹ̀ pé kí wọ́n fa omi láti Ìjú, lókè lọ́hùn-ún, wá sí erékùṣù, kí àwọn ará ìlú sì máa san owó omi. Èkó gbóná. Dókítà John Randle àti Dókítà Ọ̀rìṣàdípẹ̀ Ọbasá dá ẹgbẹ́ People's Union sílẹ̀ lọ́dún yẹn, Macaulay náà kò sì gbẹ́yìn nínú ìjà. Ohun tí wọ́n ń sọ yé tọmọdé tàgbà: kànga wa ń fún wa lómi, àwọn òyìnbó ló fẹ́ omi ẹ̀rọ, kí wọ́n fi owó ara wọn ṣe é. Ọjà tì pa, èrò sì ya sígboro.

Iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ ní 1910 síbẹ̀síbẹ̀. Nígbà tó di 1915, omi ti ń ṣàn wọ ìlú, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó mílíọ̀nù méjì àbọ̀ gálọ́ọ̀nù lójúmọ́. Ní 1916 tí owó omi di kànńpá, wàhálà tún bẹ́ sílẹ̀. Ọba Èṣùgbàyí Ẹlẹ́kọ̀ fara gbá nínú rẹ̀, nítorí ìjọba sọ pé ọba kò ran àwọn lọ́wọ́ láti rọ àwọn ènìyàn rẹ̀ kí wọ́n sanwó.

Àwọn tó fẹ́ràn òṣèlú máa ń sọ ìtàn yìí dáadáa, ṣùgbọ́n wọ́n máa ń fo ohun kan. Ní gbogbo ọdún tí ariwo fi gba ìlú, owó ni wọ́n ń jà lé lórí. Iye omi tó ń ṣàn ní Ìjú nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, bí ó ṣe ń kún nígbà òjò, àti iye ọdún tó máa fi tó ìlú tó ń fẹ̀ lójoojúmọ́, ọwọ́ àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ni gbogbo ìyẹn wà. Ọmọ Èkó tó lè jókòó ti ẹnjiníà òyìnbó, kó ka ìwé ìṣirò náà, kó sì bá a jiyàn lé e lórí kò pọ̀ rárá. Macaulay lè ṣe é, nítorí pé ó ti dé Plymouth. Àìtó irú èèyàn bẹ́ẹ̀ ni gbogbo ìtàn ẹ̀kọ́ omi nílẹ̀ yìí dá lé, kò sì tíì tán dòní.

Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ rò pé àwọn baba wa kò mọ omi í darí. Ní Ilé-Ifẹ̀, àwọn awalẹ̀pìtàn bíi Frank Willett àti Peter Garlake hú ilẹ̀ tí wọ́n fi apáàdì tẹ́ jáde, apáàdì tí wọ́n to lẹ́gbẹ̀ẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ní ìdúró, tí ọjọ́ orí rẹ̀ lé ní 500 ọdún. Ìtàn Ifẹ̀ sọ pé Lúwo, obìnrin tó jẹ Ọọ̀ni, ló pàṣẹ kí wọ́n máa tẹ́ ẹ. Àgbàlá tí wọ́n bá ṣe bẹ́ẹ̀ kì í di ẹrẹ̀, òjò tó sì ń ti orí òrùlé já bọ́ sáàárín àkódì ń rí ọ̀nà gbà lọ. Iṣẹ́ ọwọ́ wọn wà níbẹ̀ títí dòní. Ohun tí a kò rí ni bí wọ́n ṣe wọn dídagẹ̀rẹ́ ilẹ̀ náà, nítorí pé ẹnu ni ọ̀gá fi kọ́ ọmọṣẹ́, ọ̀gá àti ọmọṣẹ́ sì ti lọ.

Ilé-ẹ̀kọ́ gíga Yábàá, Yaba Higher College, ló kọ́kọ́ dán ẹ̀kọ́ ẹnjiníà wò láàárín wa. Ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1932, wọ́n sì ṣe ayẹyẹ ìṣílé rẹ̀ ní 1934. Àmọ́ ìwọ̀n tí wọ́n kọ́ ọmọ ibẹ̀ kò ju èyí tó máa sọ ọ́ di olùrànlọ́wọ́ fún òyìnbó ní Public Works Department. Kò sẹ́ni tó ka dípúlómà wọn sí lẹ́yìn odi Nàìjíríà. Inú bí àwọn ọ̀dọ́ Èkó sí i, ìbínú yẹn ló sì bí Lagos Youth Movement ní 1934. Owó omi bí ẹgbẹ́ òṣèlú kan, ẹ̀kọ́ ẹnjiníà tí kò kún ojú ìwọ̀n bí òmíràn.

Nígbà tí University College dé sí Ìbàdàn ní 1948, ayọ̀ ńlá ni, ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ ẹnjiníà kò sí nínú ohun tó bá a dé. Ẹni tó bá fẹ́ ẹ ní láti wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sókè òkun, tàbí, nígbà tó yá, kó gba Zaria lọ, níbi tí Nigerian College of Arts, Science and Technology ti ń kọ́ ọ. Ilé-ẹ̀kọ́ yẹn ló di Ahmadu Bello University ní 1962. Yunifásítì Èkó ní Akọka dá ẹ̀ka ẹnjiníà tirẹ̀ sílẹ̀ ní 1964. Ifẹ̀ àti Ìbàdàn tẹ̀ lé e.

Ibi gbogbo yìí, abẹ́ civil engineering ni omi fara pamọ́ sí: kọ́ọ̀sì méjì mẹ́ta láàárín afárá, títì àti ilé alájà. Akẹ́kọ̀ọ́ yóò kọ́ bí omi ṣe ń rìn nínú páìpù, yóò kọ́ díẹ̀ nípa dáàmù, ó parí. Òjò fúnra rẹ̀, odò nínú ìgbó, omi abẹ́ ilẹ̀, wọn ò kà wọ́n sí ẹ̀kọ́ tó lè gba odindi ọdún márùn-ún lọ́wọ́ ọmọ ènìyàn.

Bẹ́ẹ̀ iṣẹ́ ńlá ń lọ lórí omi wa lákòókò yẹn kan náà. Ilé-iṣẹ́ NEDECO láti ilẹ̀ Netherlands ló wọn Odò Ọya àti Benue láàárín ọdún 1950 sí 1960, tó fi ìwé ńlá tó kọ lórí wọn síta ní 1959. Dáàmù Kainji, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní 1964, tí Ọ̀gágun Yakubu Gowon ṣí ní 1969, ilé-iṣẹ́ Ítálì ló kọ́ ọ. Ó lé ní 40,000 ènìyàn tí wọ́n ṣí nípò kí adágún náà lè rí àyè. Àlejò ló wọn odò, àlejò ló ya àwòrán, àlejò ló da kọnkéré. Ẹni tó bá fẹ́ mọ bí Ọya ṣe ń kún, ìwé àwọn ará Netherlands ló máa ṣí.

Ohun tó yí ọ̀rọ̀ padà wá láti ọ̀nà méjì. Ọ̀kan ni pé àjọ UNESCO ya ọdún 1965 sí 1974 sọ́tọ̀ fún ìmọ̀ omi lágbàáyé, wọ́n sì rọ orílẹ̀-èdè gbogbo pé kí wọ́n máa wọn odò àti òjò wọn, kí wọ́n sì kọ́ àwọn ọmọ wọn níṣẹ́ náà. Ilé-ẹ̀kọ́ Delft ní Netherlands, tó ti ń kọ́ àwọn àlejò ní ẹ̀kọ́ omi láti 1957, di ibi tí àwọn ọmọ Áfíríkà àti Éṣíà ń wọ́ lọ, àwọn ọmọ Nàìjíríà sì wà lára wọn. Ìkejì ni ọ̀dá tó mú gbogbo ẹ̀bá aṣálẹ̀ láàárín 1972 sí 1974. Màlúù kú, oko gbẹ, ìròyìn náà sì dé bá ìjọba ní Èkó, tó jẹ́ olú-ìlú nígbà náà. Ìjọba àpapọ̀ dá àjọ odò méjì sílẹ̀ ní 1973, fún Sokoto-Rima àti fún adágún Chad. Ní 1976 wọ́n sọ wọ́n di mọ́kànlá káàkiri orílẹ̀-èdè. Ti ilẹ̀ Yorùbá, Àjọ Odò Ògùn àti Ọ̀ṣun, fi Abẹ́òkúta ṣe ibùjókòó. Ní 1979, National Water Resources Institute bẹ̀rẹ̀ ní Kàdúná láti máa kọ́ àwọn òṣìṣẹ́ omi.

Àjọ mọ́kànlá lójijì, dáàmù lóríṣiríṣi, owó epo rọ̀bì nílẹ̀: níbo ni ènìyàn tó máa ṣiṣẹ́ náà wà?

Ìbàdàn ló gba ìdáhùn tó korò jù. Ogunpa, odò kékeré tó gba àárín ìgboro kọjá, ti ń ya wọlé àwọn ènìyàn tipẹ́: 1960, 1963, 1978. Wọ́n ń kọ́lé sí etí rẹ̀, wọ́n ń da ìdọ̀tí sínú rẹ̀, gbogbo ẹni tó ń gbé ìgboro ló sì mọ̀ pé odò náà kò láyè mọ́. Ní ọjọ́ 31 oṣù Kẹjọ 1980, òjò rọ̀ tó fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣe ìdajì ọjọ́. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ó lé ní 200 òkú tí wọ́n gbé. Ilé, ọkọ̀, afárá, ọjà, gbogbo rẹ̀ bá omi lọ. Àwọn ará Ìbàdàn tó dàgbà ní 1980 ṣì ń fi omíyalé Ogunpa ka ọdún: ọmọ tí a bí ṣáájú Ogunpa, ìgbéyàwó tó wáyé lẹ́yìn Ogunpa.

Ìwọ̀n òjò ọjọ́ yẹn jẹ́ mílímítà 274. Lójú ẹni tí kò kọ́ ẹ̀kọ́ omi, nọ́ńbà lásán ni. Lójú akẹ́kọ̀ọ́ ọdún kẹta, ibi tí iṣẹ́ ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Bí mílímítà 1 òjò bá rọ̀ sórí ilẹ̀ tó jẹ́ mítà 1 níbùú, mítà 1 lóròó, lítà omi 1 ló rọ̀ síbẹ̀. Mílímítà 274 túmọ̀ sí lítà 274 lórí ìwọ̀n ilẹ̀ kékeré bẹ́ẹ̀. Ilẹ̀ tí omi rẹ̀ ń ṣàn wọ Ogunpa fẹ̀ tó nǹkan bíi kìlómítà 55 ní ìwọ̀n ìbú lóròó. Bí òjò náà bá rọ̀ bákan náà káàkiri rẹ̀, bílíọ̀nù 15 lítà ni, ìyẹn ẹrù ọkọ̀ táńkà alágbára lítà 10,000, mílíọ̀nù kan àbọ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ yóò wá bèèrè: mélòó nínú rẹ̀ ló wọnú ilẹ̀, mélòó ló ṣàn lórí páànù àti kọnkéré, wákàtí mélòó ló fi dé abẹ́ afárá, báwo ni ẹnu afárá ṣe fẹ̀ tó? Bí ó bá ṣe ìṣirò náà tán, yóò rí i pé kò sí ọ̀nà tí ojú odò tó há bẹ́ẹ̀, tó sì kún fún ìdọ̀tí, fi lè gbà á. Ẹni tó bá ní ìwé òjò ọgbọ̀n ọdún lọ́wọ́ lè ti rí i ṣáájú.

Ìwé òjò yẹn ni gbogbo ẹ̀kọ́ náà rọ̀ mọ́, ó sì yẹ ká wo bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́. Ohun èlò rẹ̀ kò tó nǹkan: agolo irin tó dúró gbangba nínú ọgbà, àrọ lẹ́nu rẹ̀, ìgò nínú rẹ̀. Láago mẹ́sàn-án àárọ̀, ẹnì kan yóò yọ ìgò, yóò da omi inú rẹ̀ sínú òṣùwọ̀n onígíláàsì, yóò bẹ̀rẹ̀ títí ojú rẹ̀ yóò fi wà ní ìpele kan náà pẹ̀lú omi, yóò sì kọ nọ́ńbà sínú ìwé. Bí òjò kò bá rọ̀, yóò kọ òdo. Ní etí odò, pátákó tí wọ́n fín ìwọ̀n sí lára ló dúró nínú omi, ẹnì kan sì ń ka á láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́. Ní Lọ́kọ́ja, níbi tí Ọya àti Benue ti pàdé, irú ìwé kíkà bẹ́ẹ̀ ti wà láti nǹkan bí 1915, òun sì ni àwọn ẹnjiníà fi ń sọ pé ọdún yìí kún ju ọdún yẹn lọ. Ọjọ́ tí ẹni tó ń ka pátákó kò bá rí owó oṣù gbà, tó jókòó sílé, ihò ti wọ ìwé nìyẹn. Kò sí ọ̀jọ̀gbọ́n tó lè padà lọ wọn òjò àná.

Láàárín gbogbo èyí ni ẹ̀kọ́ omi fi já ara rẹ̀ gbà lọ́wọ́ afárá àti títì. Zaria ní ẹ̀ka tó ń jẹ́ Water Resources and Environmental Engineering. Yunifásítì Ìlọrin ní irú rẹ̀ lónìí. Ní Abẹ́òkúta, yunifásítì iṣẹ́ àgbẹ̀ tí ìjọba àpapọ̀ dá sílẹ̀ ní 1988 ní ẹ̀ka tó so ìṣàkóso omi pọ̀ mọ́ ìmọ̀ ojú ọjọ́ fún àgbẹ̀. Ọ̀nà Alábàtà ni yunifásítì náà wà, ọ̀nà yẹn kan náà ni Àjọ Odò Ògùn àti Ọ̀ṣun wà. Akẹ́kọ̀ọ́ lè ti kíláàsì jáde, kó lọ bá àwọn tó ń ṣí ilẹ̀kùn dáàmù. Ètò SIWES tó bẹ̀rẹ̀ ní 1973 sì mú un ní dandan pé kí akẹ́kọ̀ọ́ ẹnjiníà lo oṣù bíi mélòó kan níbi iṣẹ́ kó tó gboyè.

Àwọn òbí kan ṣì ń bẹ̀rù ẹ̀kọ́ yìí. Wọ́n gbọ́ omi, wọ́n rò pé ọmọ àwọn máa di ẹni tó ń so páìpù bálùwẹ̀. Ṣé ẹni tó máa sọ iye omi tí a lè fà lábẹ́ ilẹ̀ Ògbómọ̀ṣọ́ kí kànga má baà gbẹ, tàbí ọjọ́ tó yẹ kí wọ́n ṣí dáàmù, ni wọ́n ń fi wé ìyẹn? Iṣẹ́ páìpù ní iyì tirẹ̀, àmọ́ iṣẹ́ méjèèjì yàtọ̀.

Dáàmù Ọ̀yán, nítòsí Abẹ́òkúta, jẹ́ ká rí bí ọjọ́ ṣíṣí dáàmù ṣe ṣe kókó tó. Ààrẹ Shehu Shagari ló ṣí i ní 1983. Adágún rẹ̀ lè gba bílíọ̀nù 270 lítà, kó lè fún Abẹ́òkúta àti Èkó lómi, kó bomi rin oko, kó sì fúnni ní iná mànàmáná díẹ̀. Bí oṣù Kẹsàn-án àti Kẹwàá bá dé tí adágún kún, wọ́n ní láti tú omi sílẹ̀ kí ògiri dáàmù má baà wà nínú ewu. Omi náà gba Odò Ògùn sọ̀kalẹ̀. Àwọn ará Ìṣẹrí àti Ajégúnlẹ̀ lọ́nà Ìkòròdú ló máa ń bá a pàdé nínú yàrá wọn, bíi ti 2010. Bí wọ́n bá tú u díẹ̀díẹ̀ kí òjò tó pọ̀, ìlú ìsàlẹ̀ á sùn. Láti mọ ìgbà àti ìwọ̀n, ó di dandan kí ẹnì kan máa ka òjò lókè odò, kó ṣe ìṣirò, kó sì ránṣẹ́ lásìkò. Iṣẹ́ ẹni tó kàwé omi nìyẹn.

Ohun kan sì wà tí àwọn yunifásítì fi ara wọn kọ́. Òùngbẹ gbẹ wọ́n. Yunifásítì Ìbàdàn dí odò Awba nínú ọgbà rẹ̀ ní 1964, Ifẹ̀ dí odò Ọ̀pa ní 1978, nítorí pé omi ẹ̀rọ ìlú kò lè tó wọn. Adágún méjèèjì yìí di kíláàsì tí kò ní ògiri: ìran akẹ́kọ̀ọ́ lórí ìran akẹ́kọ̀ọ́ ti wọn ìjìnlẹ̀ wọn, ẹrẹ̀ tó ń kún ìsàlẹ̀ wọn, àti ẹja inú wọn. Ìwé ìwádìí tó ti ibẹ̀ jáde kò kéré, nítorí pé ẹni tó ń wọn ọ́n ń gbé ẹ̀gbẹ́ rẹ̀.

Ìbàdàn tún rí omi sí i. Ní ọjọ́ 26 oṣù Kẹjọ 2011, mílímítà 187.5 rọ̀ láàárín nǹkan bíi wákàtí mẹ́rin. Dáàmù Ẹlẹ́yẹlé, tí wọ́n kọ́ ní 1942, kún àkúnya, afárá já, omi wọ ọgbà yunifásítì fúnra rẹ̀, ó sì gbé ẹja inú adágún ìwádìí lọ. Òjò náà kéré sí ti 1980 dáadáa, síbẹ̀ ó lé ní 100 ẹ̀mí tó bá a lọ. Ìlú ti fẹ̀, kọnkéré ti bo ilẹ̀, ilé ti tún sún mọ́ odò. Ní 2014, Báńkì Àgbáyé fọwọ́ sí mílíọ̀nù 200 dọ́là fún ètò ìdènà omíyalé ní Ìbàdàn. Lọ́tẹ̀ yìí, àwọn ọmọ tó kọ́ ẹ̀kọ́ náà nílé wà tí wọ́n lè ka ìwé ìṣirò ìlú wọn, kí wọ́n sì bá ẹni tó bá kọ ọ́ jiyàn.

Ẹ̀bẹ̀ kan ló kù sí ọwọ́ àwọn tó ń ṣe ìjọba ní ilẹ̀ Yorùbá. Ọ̀pọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ gírámà àtijọ́ ló ní ọgbà Jíọ́gíráfì tí agolo òjò wà nínú rẹ̀, tí akẹ́kọ̀ọ́ ń ka láràárọ̀. Ẹ tún un gbé kalẹ̀, owó rẹ̀ kò tó ti jẹnẹrétọ̀ kan. Ẹ san owó oṣù àwọn tó ń ka pátákó létí odò Ògùn, Ọ̀ṣun, Ọ̀nà àti Ọ̀yán. Bí akẹ́kọ̀ọ́ láti Alábàtà tàbí Ìlọrin bá sì dé ọ́fíìsì yín tó ń bèèrè ìwé òjò ogún ọdún, ẹ má ṣe sọ fún un pé kó lọ kọ lẹ́tà wá, ẹ fún un.